Fẹ́ǹsì Tó Ga Ju Ọwọ́ Màmá Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kẹ́ ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á tán pátá, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín ń gbé lọ́dọ̀ yín.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ta fèrèsé onígíláàsì. Ọ̀gá Onígíláàsì làwọn èèyàn ń pè é. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbéraga rẹ̀ sì ju owó náà lọ. Yàrá kan lẹ́yìnkùlé ló fún Màmá, ìyá tó bí i. Ilé tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì, obìnrin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Fẹ́ǹsì tí kò ga kọjá àyà èèyàn ló wà láàárín wọn.

Àwọn ìyá méjèèjì ní àdéhùn. Tí Màmá bá ti jí, á sá aṣọ ìnura pupa rẹ̀ sórí fẹ́ǹsì. Tí Ìyá Nọ́ọ̀sì bá ti rí i, á mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun jí ire. Lọ́jọ́ tí kò bá rí i, á lọgun, "Ṣé kò sí o?" Màmá á ní, "Mi ò tíì kú, orúnkún ló ń dùn mí!" Wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín.

Aṣọ ìnura yìí ló ń bí Ọ̀gá nínú. Ẹ̀yìnkùlé ló ti fẹ́ máa gba àwọn oníbàárà ńláńlá lálejò.

"Màmá, ẹ ń dójú tì mí. Kí ni àkísà ń wá lórí fẹ́ǹsì mi?"

2.
Ló bá ní òun máa gbé fẹ́ǹsì náà ga kọjá orí èèyàn. Òfin àdúgbò ò gbà á láyè. Ó gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n yọ̀ǹda fún òun nìkan. Wọ́n ní àfi tí aládùúgbò rẹ̀ bá gbà, tàbí tó bá ní ìdí tó lágbára.

Ó bá lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì.

"Ọmọ mi, ibi tí ọwọ́ ìyá rẹ lè dé ni kó o mọ ọ́n dé. Tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mò ń bá ẹ ṣọ́ ọ."

"Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Ẹ gbájú mọ́ ilé yín!"

Ẹ gbọ́ bó ṣe dá àgbà lóhùn o. Ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n sì tọ́!

3.
Ó padà sí ọ́fíìsì, ó lọ purọ́. Ó ní obìnrin náà máa ń yọjú wo ìyá òun tó bá ń wẹ̀. Wọ́n ní wolé-wolé á wá wádìí ẹ̀. Kí wolé-wolé tó dé, Ọ̀gá ti wọ yàrá Màmá.

"Tó bá bi yín, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Háà! Ọ̀rẹ́ mi? Irọ́ gbuu nìyẹn, ọmọ mi."

"Ó dáa. Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́, kẹ́ ẹ lọ máa jẹun lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín."

Wolé-wolé dúró láàárín ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Nọ́ọ̀sì dúró lódìkejì, ó gbé ọwọ́ lé fẹ́ǹsì. Wolé-wolé bi Màmá bóyá òótọ́ ni. Ilẹ̀ ni Màmá ń wò.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa ń yọjú wò mí."

Ìyá Nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ó kàn ní, "Ìwọ?" Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí fẹ́ǹsì, ó wọlé lọ. Màmá sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ rẹ̀ sì ń pe bíríkìlà lórí fóònù.

Ìjọba ìbílẹ̀ yọ̀ǹda fún un, fẹ́ǹsì sì ga. Ọ̀gá tún kó àfọ́kù gíláàsì láti ṣọ́ọ̀bù, ó rì wọ́n mọ́ orí rẹ̀. Tó bá ń jáde láàárọ̀, á ti géètì pa láti ìta, kí Màmá má baà lọ tú àṣírí fún ẹnikẹ́ni.

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá dojú korobá dé, ó gun orí rẹ̀, ó ju aṣọ ìnura pupa náà sókè. Ó fẹ́ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tó mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Aṣọ há sẹ́nu àfọ́kù gíláàsì. Korobá yẹ̀. Màmá ṣubú, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ké, àmọ́ kò lè dìde mọ́.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gá dé. Ara ìyá rẹ̀ ti tutù.

Ó sáré lọ sílé kejì, ó ń lu ilẹ̀kùn. "Ṣé ẹ ò gbọ́ igbe ẹ̀ ni? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì!"

Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn fún un.

"Mo gbọ́ ohùn kan fẹ́ẹ́rẹ́. Mo wòkè, mo rí aṣọ ìnura. Mo ní, háà, ọ̀rẹ́ mi jí ire, ó ti rántí mi. Ṣe ni mo jókòó, tí mò ń rẹ́rìn-ín." Ó nawọ́ sí fẹ́ǹsì gíga náà. "Àbí o fẹ́ kí n yọjú ni?"

Ọ̀gá wó fẹ́ǹsì náà lulẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Ta ló wá fẹ́ wó o fún?

Ìwọ tó ń ka èyí, tójú ìyá ẹ bá ń tì ẹ́, ṣọ́ra. Ẹni tó ń bá ẹ ṣọ́ ilé, má sọ ọ́ di ọ̀tá. Má sì fi oúnjẹ ra irọ́ lẹ́nu òbí ẹ láé. Ẹní da eérú leérú ń tọ̀.