Ìbọ̀wọ́ Tó Ń Bá Fadérera Sọ̀rọ̀

“Ẹ rọra o, Màmá, ẹ̀gún àrọ̀ wà níbẹ̀ yẹn,” ni ìbọ̀wọ́ tí Fadérera fi ń ṣẹja odò wí. Fadérera rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Láníyọnu ọkọ rẹ̀ dúró tì í. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti rín irú ẹ̀rín yẹn sí i. Ó ki ọwọ́ lásán bọ inú àwo ẹja, ẹ̀gún sì gún un.

“Ẹ tètè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí kòkòrò àìsàn má baà wọlé!” ni ìbọ̀wọ́ ké.

“Ta ló bi ọ́ léèrè?”

Fadérera bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Bàbá Gbádébọ̀, ṣé ìbọ̀wọ́ lẹ̀ ń jowú?”

Láníyọnu ò wojú rẹ̀. Ó ní, “Kò tíì mọ́. Tún un fọ̀.”