Kí Ló Ń Lé Ìyá Ìtùnú?

Ẹ̀yin ọmọ ilé wa, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, Mopélọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló ni ín. Àdúgbò Arárọ̀mí ni gbogbo wa ń gbé nígbà náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ já fáfá nídìí aṣọ rírán. Àmọ́ ó ní àléébù kan: ìgbéraga kì í jẹ́ kó kọ́ ohun tuntun lójú ènìyàn. Ohun tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ kìíní, kò ní padà sídìí rẹ̀ mọ́. Á ní, “Kí wọ́n má fi mí ṣe ẹlẹ́yà.”

Ìtùnú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ eré ìdárayá, wọ́n máa ń pe àwọn ìyá jáde kí wọ́n sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan pápá dé èkejì. Lọ́dún kan, Mopélọ́lá bọ́ sí i. Kò tí ì dé ìdajì tí àwọn yòókù fi já a sílẹ̀. Dípò kó sá a parí, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni pé wọ́n pè é. Ìtùnú dúró nídìí okùn ìparí, ó wò títí, kò rí ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ náà ní, “Mọ́mì, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má wulẹ̀ wá mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà gún ìyá rẹ̀ lọ́kàn. Nígbà tí ọdún ń yí bọ̀, ó pinnu láti kọ́ eré sísá, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jí ní ìdájí, ó wọ ṣòkòtò àtijọ́ ọkọ rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kánfáàsì, ó ki eré mọ́lẹ̀ lójú títì. Bàbá Gbọ́lágadé, àgbà àdúgbò, ti jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń run orín.

“Ìyá Ìtùnú! Kí ló dé? Kí ló ń lé ọ?”

Ojú tì í láti sọ òótọ́. Ó kígbe pé, “Kò sí nǹkan, Bàbá! Kò sí nǹkan!”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí ẹni tó ń sáré bá ní kò sí nǹkan, nǹkan ńlá ló wà. Ṣebí àwọn àgbà ló ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Bàbá ju orín nù, ó sá tẹ̀ lé e. Ìyá Ẹlẹ́kọ rí Bàbá, ó fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, ó kó sẹ́yìn wọn. Ẹni tó ń wẹ̀ jáde tòun ti ọṣẹ lójú. Mopélọ́lá bojú wẹ̀yìn, ó rí èrò tó ń sáré bọ̀, òun náà sì rò pé ewu ló ń lé wọn. Háà! Eré tí kò sá rí láyé rẹ̀ ló sá lọ́jọ́ náà.

Oríta ni èémí ti tán nínú gbogbo wọn.

“Kí ló ń lé yín?” Mopélọ́lá béèrè.

“Ìwọ ni a rí tí a fi ń sá!” Ìyá Ẹlẹ́kọ dáhùn. “Ẹ̀kọ mi ti jóná o! Kí ló ń lé ìwọ fúnra rẹ?”

Ó wolẹ̀. “Mò ń kọ́ eré sísá ni.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mopélọ́lá kọjú sílé, ó ti búra nínú ara rẹ̀ pé òun kò tún ní sáré mọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá dì í mú lápá.

“Mopélọ́lá, bí ọmọ iṣẹ́ rẹ bá rán ṣòkòtò, tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ṣé o máa ń lé e lọ sílé ìyá rẹ̀ ni?”

“Rárá, Bàbá. Màá ní kó tú u, kó tún un rán.”

“Ìwọ náà tú u, kí o tún un rán. Bí a bá sì tún bi ọ́ léèrè, sọ òótọ́, kí àwa arúgbó lè jókòó jẹ́ẹ́.”

Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti béèrè ohun tó ń lé e, á dáhùn pé, “Mò ń kọ́ ọ ni, Bàbá! Ẹ kú ìjókòó!” Á sá díẹ̀, á rìn díẹ̀, bí èémí bá padà, á tún sá. Ìyá Ẹlẹ́kọ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, “Ọlọ́kadà, rọra o!” Kò pẹ́ tó fi ń sá dé oríta láìdúró.

Ọjọ́ ìdíje pé. Fèrè dún, àwọn ìyá tú jáde. Mopélọ́lá wà láàárín wọn dáadáa, àfi bí bàtà rẹ̀ kan ṣe yọ, tó ṣubú, tó fi orúnkún gúnlẹ̀. Gbogbo wọn kọjá lára rẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ibi tó gbà yọ́ lọ lọ́dún tó kọjá. Nígbà náà ni ohùn arúgbó kan jáde láti abẹ́ igi máńgòrò: “Ìyá Ìtùnú! Kí ló ń lé ọ?”

Ó dìde. “Mò ń kọ́ ọ ni!” Ó bọ́ bàtà kejì sọ nù, ó sáré dé ìdí okùn. Òun ló kẹ́yìn pátápátá.

Ìtùnú ti dúró síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún ìyá rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ so okùn bàtà yín kó le.”

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ilé wa títí dòní, bí ọmọ bá jẹ́ kí ìrẹsì jóná, tàbí tó ṣi ìwé kà, a kì í bú u. A máa ń bi í pé, “Kí ló ń lé ọ?” Ẹ sì mọ ohun tí ẹ máa ń dáhùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe tijú pé ẹ̀ ń kọ́ nǹkan. Ẹni tó bá fi àìmọ̀ rẹ̀ pamọ́, òun nìkan ni yóò máa bá a jà. Ẹni tó bá sọ ọ́ jáde yóò rí ẹni tí yóò dì í mú lápá. Kíkẹ́yìn kò burú tó yíyà kúrò lójú ọ̀nà. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni.