Ọ̀rọ̀ Tó Ń Padà Sẹ́yìn Ìlà

Láràárọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síni máa ń tò sórí ìlà de ẹ̀rọ etí ẹni. Èyí tí èèyàn bá gbọ́, tó sì dáhùn pé, "Mo gbà á," á kúrò lórí ìlà. Èyí tí kò bá gbà, á padà sẹ́yìn ìlà, á tún tò de ọjọ́ kejì.

"Adéwùsì, márùn-ún lo gbọ́, mẹ́rin lo gbà," ni ẹ̀rọ ara ògiri wí. "Ọ̀kan padà sẹ́yìn."

Ìbídùnní, ìyàwó rẹ̀, pòṣé lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti oṣù mẹ́jọ tó ti wọlé ọkọ, ọ̀kan kì í yé padà. Obìnrin wo ni Adéwùsì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò fẹ́ kó tán? Òjòwú ò lẹ́ran láyà; eegun ọrùn Ìbídùnní ti yọ síta.

Lónìí, ọkọ rẹ̀ gbàgbé ẹ̀rọ etí sórí ìrọ̀rí, ó ti lọ gbé omi ìwẹ̀ kaná fún un. Omi àràárọ̀ yìí ni Ìbídùnní fi ń yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ki ẹ̀rọ náà bọ etí.

Ohùn Wúràọlá ni, ìyàwó àkọ́kọ́ tí Adéwùsì fẹ́, tó kú lójú ọ̀nà ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn.

"Olówó orí mi, mo ti ń sún mọ́lé o. Jọ̀ọ́, bá mi gbé omi kaná."

"Ìbídùnní, omi ti gbóná o!" Adéwùsì ké láti ilé ìdáná.

Ìbídùnní la ẹnu láti sọ pé, "Mo gbà á," kí obìnrin yẹn kúrò lórí ìlà títí ayé. Ṣùgbọ́n tó bá kúrò, ta ni yóò gbómi kaná lọ́la?

Ó pa ẹnu dé, ó sì lọ fi omi orogún rẹ̀ wẹ̀.