Ìlà Ọkàn Màmá

"Ọkàn màmá mi nìyẹn," ni obìnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà náà wí. Ó nawọ́ sí ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. "Ètò tí àbúrò mi kọ ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ nílé. Òun ló ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù láti inú ẹ̀gbà ọwọ́ wọn. Tèmi kàn ń yà á síbí ni."

Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Irú àbúrò yìí ṣeé fẹ̀yìn tì."

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá fúnra wọn wọlé, wọ́n ń mí hẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn tí wọ́n gùn. Ìlà náà kò yára rárá.

"Màmá, ẹ̀gbà ọwọ́ yín dà?"

Wọ́n yọ ọ́ nínú báàgì. "Ó ti kú látoṣù tó kọjá. Àbúrò rẹ ní òun á tún un ṣe, pé kí n má wulẹ̀ dà ọ́ láàmú."

Ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ìyẹn sọ kó tó béèrè ohunkóhun. "Ṣebí ẹ̀yin náà ń rí i? Ara Màmá le koko."

Màmá fọwọ́ di àyà mú, wọ́n ń wá èémí. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà náà ń lọ jẹ́jẹ́, bí ọkàn ẹni tó ń sùn.