Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Fà Sósì

Sàbíù ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àlòkù méjì, ó dè wọ́n mọ́ férémù kẹ̀kẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gún. Ó tú u, ó fa àwọn wáyà rẹ̀ le, ó tún un dè títí ó fi ń yí geere. Síbẹ̀, bó bá ti gùn ún, apá òsì ló ń fà sí.

"Ẹ kúkú sọ ọ́ nù," ni Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wí. "Ara mi ò gbà á."

"Ti bàbá mi ni. Mi ò lè sọ ọ́ nù."

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó gùn ún jáde láti dán an wò. Lẹ́yìn ìlú, kẹ̀kẹ́ fà á wọ ọ̀nà tóóró kan lápá òsì. Ó fún bíréèkì, kò mú. Ahoro ilé kan ló wà níwájú, tí kò ní òrùlé mọ́.

Ohùn obìnrin kan wá láti inú rẹ̀: "Ẹ káàbọ̀ o. Kí ló dé tí ẹ pẹ́ tó báyìí?"

Sàbíù fò sílẹ̀, ó fi orúnkún gbálẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà kò ṣubú. Òun nìkan ń yí lọ, ó gún régé, títí ó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ahoro náà. Ọwọ́ kan yọ láti inú òkùnkùn, ó sì rọra fa kẹ̀kẹ́ náà wọlé.