Èsì Tí Bọ́dúndé Fún Oníròyìn

Bọ́dúndé mọ bọ́ọ̀lù í gbá, ká sọ tòótọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí orúkọ òun jáde nínú ìwé ìròyìn ju oúnjẹ lọ. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ dúró. Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkẹjà, lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀. Olúgbénró, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ni gólì tó ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, òun náà sì ni kápútéènì. Yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń se oúnjẹ.

Bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, àwọn oníròyìn á rọ́ dé, ìbéèrè kan náà sì ni nígbà gbogbo. "Báwo ló ṣe rí lára yín? Kí ni àṣírí yín?" Bí wọ́n borí, wọ́n á bi wọ́n. Bí wọ́n fìdí rẹmi, wọ́n á tún bi wọ́n. Olúgbénró ti kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní èsì kan ṣoṣo: "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Iṣẹ́ gbogbo wa ni." Ẹni tó bá ti sọ ọ́ tán, kó máa lọ wẹ̀.

"Èsì òmùgọ̀ lèyí," ni Bọ́dúndé máa ń sọ. "Ta ló máa kọ ìyẹn sínú ìwé ìròyìn?"

"Kí wọ́n má kọ ọ́," ni Olúgbénró á dá a lóhùn. "Ṣebí bọ́ọ̀lù la wá gbá."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbá àṣekágbá ìdíje ọdún náà ni Olúgbénró ṣubú níbi ìgbáradì, èjìká òsì rẹ̀ sì yẹ̀. Àwọn yòókù ti lọ, Bọ́dúndé nìkan ló wà níbẹ̀. Òun ló mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Agége. Bàbá náà tò ó padà, ó ní yóò san, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ òsì ṣubú rárá. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Olúgbénró di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

"Bọ́dúndé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Alààjì Shuaib ń bọ̀ wá wò mí."

Alààjì Shuaib ni ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan ládùúgbò. Ó ti ṣèlérí pé bí Olúgbénró bá ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà, òun á gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Tinúọlá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé-iṣẹ́ kan kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè kàwé. Ọjọ́ tí Olúgbénró bá ríṣẹ́ ni Tinúọlá máa padà sílé-ìwé. Bọ́dúndé mọ gbogbo èyí. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè, ó ní òun ò ní sọ.

Ẹ wá gbọ́ o. Nígbà tí àṣekágbá ku ọ̀la, Reuben, oníròyìn kan tó máa ń ki bírò bọ irun, wá bá Bọ́dúndé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

"Kí ni àṣírí yín?"

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

"Ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ nìyẹn. Mo ní kí ni àṣírí yín?"

"Iṣẹ́ gbogbo wa ni."

Reuben ki bírò bọ irun. "Ó dáa, jẹ́ n lọ bá ẹlòmíràn. Àwòrán ẹnì kan ṣoṣo la máa gbé jáde lọ́la."

Àwòrán kẹ̀! Orí Bọ́dúndé wú. "Ẹ dúró ná, bọ̀dá Reuben. Èmi gan-an ni àṣírí wọn. Èjìká òsì gólì wa ti yẹ̀, kò lè bẹ́ sí òsì. Èmi ni mo máa padà sẹ́yìn lọ dí ibẹ̀ fún un." Ẹ jọ̀wọ́, ta ló bi í ní ọ̀rọ̀ èjìká?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Olúgbénró rí àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn sí i. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Háà! Èjìká rẹ̀ kò dùn ún tó àyà rẹ̀ mọ́. Ó ronú pé kí òun má gbá àṣekágbá náà, ó rántí Tinúọlá, ó sì wọ ibọ̀wọ́ rẹ̀.

Àwọn alátakò náà ti ka ìwé ìròyìn, òsì ni wọ́n ń gbá gbogbo bọ́ọ̀lù sí. Àkọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí èkejì ń bọ̀, Olúgbénró wojú ọ̀rẹ́ tó ní òun máa padà sẹ́yìn wá dí ibẹ̀. Bọ́dúndé wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń dúró de bọ́ọ̀lù níwájú àwọn ayàwòrán. Olúgbénró bẹ́ sí òsì, ó fi èjìká náà lulẹ̀, igbe rẹ̀ sì gba pápá kan. Lọ́sibítù, dókítà ní kò lè ṣe gólì mọ́ láyé. Lọ́jọ́ Ajé, Tinúọlá padà sídìí bisikíìtì rẹ̀.

Lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn gan-an, bí wọ́n ṣe gbá a tán, Bọ́dúndé sáré tẹ̀lé Alààjì Shuaib dé ìdí mọ́tò. "Alààjì, èmi náà ń wá iṣẹ́, sà."

Alààjì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí ló dé tó o fi sọ ọ́?"

Alààjì kò dúró gbọ́ èsì, ó wọ mọ́tò. Mọ́tò lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹgbẹ́ tó gbà á mọ́, ibi gbogbo tó bá sì dé, ìbéèrè kan náà ni. Kóòṣì bi í. Oníbúrẹ́dì bi í. Ìyá tó bí i lọ́mọ bi í: "Bọ́dúndé, kí ló dé tó o fi sọ ọ́?" Olúgbénró nìkan ni kò bi í. Ó fi ọwọ́ kan kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá, ó sì kó lọ sí Ìfàkọ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí ara Bọ́dúndé kò gbà á mọ́, ó lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. "Olúgbénró, bi mí. Gbogbo ayé ti bi mí, ìwọ nìkan ló kù."

"Kí ni mo tún fẹ́ bi ọ́?" ni Olúgbénró wí. "Ṣebí mo ti ka èsì rẹ nínú ìwé ìròyìn." Ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí, ẹ fi ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sọ́kàn. Ẹni tó ń béèrè ohun kan náà lemọ́lemọ́ kò ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àwa tí wọ́n ń bi ló yẹ ká ṣọ́ ẹnu wa. Àṣírí tí ọ̀rẹ́ fi síkàáwọ́ wa kì í ṣe ohun tí a lè fi wá òkìkí. Bí èsì àná bá ti sú ọ, tún un sọ, kó o máa lọ wẹ̀.