Ọ̀rá Tí Bàbá Wándé Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ

Rárá o, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tèmi ná! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo pé wáyà ni ò dáa, ẹ ò sí níbẹ̀. Wáyà ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ka ìtàn yìí títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó dá wáyà lẹ́bi, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí àga ilé wọn ṣì wà nínú ọ̀rá.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Dùgbẹ̀. Àdúgbò Challenge ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, Adébísí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Wándé. Èèyàn dáadáa ni bàbá yìí. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kì í yọ ọ̀rá lára nǹkan tuntun. Àga pálọ̀, ọ̀rá. Rìmóòtù, ọ̀rá. Tóòrùn bá mú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde lórí àga yẹn, àga á kọ́kọ́ bá yín dìde díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ yín. Bàbá á ní, "Ohun tó bá ti bọ́ ọ̀rá, ó ti di tòkunbọ̀."

Ojú Ìyá Wándé wá ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Dókítà ojú kan ní Ring Road ò fi bò fún wọn: "Màmá, èyí tó ti lọ ò ní padà. Ohun tó bá wù yín láti rí, ẹ tètè rí i."

Ohun kan ṣoṣo ló wù wọ́n. Ìyàwó Wándé, ọmọ wọn, bímọ obìnrin sí Kánádà, Sátidé ni ìsọmọlórúkọ. Ojú fóònù ti kéré jù fún ìyá. Ni bàbá bá ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, ó gbé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wálé, ó ní òun á so wọ́n pọ̀ kí ìyá lè rí ọmọ-ọmọ ẹ̀ dáadáa. Ìfẹ́ ni, ẹ má gbàgbé. Ìfẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Sátidé dé, àwọn aládùúgbò kún pálọ̀. Ẹni tó ta tẹlifíṣọ̀n ti bá wọn ki ẹnu wáyà kan sẹ́yìn ẹ̀. Ẹnu kejì, bàbá fúnra ẹ̀ ló kì í sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ó tanná. Tẹlifíṣọ̀n kọ "No Signal".

Ó pa á, ó tún tàn án. "No Signal." Ó fi rìmóòtù yẹ gbogbo ihò tí tẹlifíṣọ̀n ní wò, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. "No Signal." Ó bú àwọn oníná. Ó bú Kánádà. Kánádà ò fèsì.

Ìyá Wándé rọra sún mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó fi ìka tọ wáyà.

"Bàbá Wándé, rọ́bà wà lẹ́nu wáyà yìí o. Wọ́n fi dé e bíi fìlà. Ẹ yọ ọ́."

"Rọ́bà ló ń dáàbò bò ó. Ṣé o ò mọ̀ pé tuntun ni?"

"Ẹ kàn yọ ọ́, ká wò ó."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Adébísí! Nínú èmi pẹ̀lú ẹ, ta ló ń ríran?"

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Ràṣídátù, aládùúgbò wọn, ò rẹ́rìn-ín. Ìyá yọ ìka ẹ̀ kúrò.

Bàbá wá fọwọ́ méjèèjì ti wáyà náà, tagbára-tagbára. Nǹkan dún pàkà. Ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ti wó sínú, iná ta pàrà, òórùn jíjó gba pálọ̀. Kọ̀ǹpútà kú.

Ó wá ku fóònù. Wándé gbé ọmọ sókè níbẹ̀: "Màámi, ẹ wo Olúwafikúnayọ̀mi! Ṣé ẹ rí i?"

Ìyá gbé fóònù sún mọ́jú títí tó fi kan imú ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan báyìí ló rí, bí ìgbà téèyàn ń wo àtùpà nínú kùrukùru.

"Mo rí i, ọmọ mi. Ó rẹwà."

Ó pẹ́ kí bàbá tó rí kọ̀ǹpútà mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ rọ́bà, kódà ó ya ọ̀rá ojú tẹlifíṣọ̀n dànù. Àwòrán jáde kedere. Ọmọ ti ń jókòó, ó ti heyín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú sí ìyá lójú pátápátá. Bàbá ló ń jókòó tì í báyìí, tó ń ròyìn: "Iwájú orí tiẹ ló gbé. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ." Ìyá á ní, "Ẹ tún un sọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó bá kọ̀ tí ò wọlé, ẹ má fipá tì í. Ẹ fà á jáde, kẹ́ ẹ wo ẹnu ẹ̀. Tẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ràn bá sì ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má fi àìlera ẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko mọ́ni.

Ṣé ìyá ò wá fèsì ọ̀rọ̀ bàbá ni? Ó fèsì. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, nígbà tí Wándé ti gé fóònù, tí pálọ̀ ṣì ń rùn, ó yíjú síbi tó ti gbọ́ mímí ọkọ ẹ̀.

"Bàbá Wándé, dókítà ti sọ bójú tèmi ṣe rí. Tiyín ńkọ́?"